Ìyá Inú Ìwé Kẹfà

Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kẹta

Mo parí ìwé kẹta lónìí. Nínú yàrá aṣọ mímọ́ ni, láàárín òkìtì aṣọ bẹ́ẹ̀dì àti òkìtì tówẹ̀lì, níbi tí ojú Ọ̀gá Agogo kò dé. Òun ni ọ̀gá wa nílé ìfọṣọ ọsibítù, aago ara ògiri ló máa ń kọ́kọ́ wò kó tó bá èèyàn sọ̀rọ̀. Àsìkò ìsinmi ọ̀sán ni, mi ò jalè. Fóònù wà ní pípa. Bí mi ò bá pa á, ilé á wá mi débẹ̀ — ibo ni ìbọ̀sẹ̀ wà, gáàsì ti tán, ta ló mú ṣíbí mi.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni ọmọbìnrin inú ìwé yẹn. Ọmọ Aláìlójìji ni wọ́n ń pè é. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, òjìji ẹ̀ á já kúrò lẹ́sẹ̀ ẹ̀, á bá tiẹ̀ lọ, òun náà á wá máa wá a kiri ìlú. Olùṣọ́ nìkan ló lè bá a mú un. Olùṣọ́! Ọmọkùnrin tí kò rẹ́rìn-ín rí, àfi lójú ewé kan péré nínú ìwé kejì. Mo ti ka ojú ewé yẹn títí ó fẹ́ fàya. Èmi, ìyá ọlọ́mọ méjì, tí orúnkún ń ro bí òjò bá ṣú. Ẹ gbà mí o.

Ohun kan ṣoṣo ló ń bí mi nínú nínú irú ìtàn báyìí: ìyá. Ìyá gbọ́dọ̀ ti kú kí ìwé tó bẹ̀rẹ̀, tàbí kó wà láàyè kó má mọ nǹkan kan. Ti Ọmọ Aláìlójìji wà láàyè. Ọmọ bá iwin jìjàkadì lórí òrùlé, ó wọlé pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lápá, ìyá kọjú láti ìdí sítóòfù: "Ṣé o ti jẹun?" Ìwé mẹ́ta gbáko, ọ̀rọ̀ kan náà. Obìnrin tó lójú tí kò ríran.

Mo délé, mo bá Ọ̀mọ̀wé lórí àtẹ̀gùn. Àkọ́bí mi obìnrin, mẹ́rìndínlógún lòun náà — ìwé kíkà ló sọ ọ́ ní Ọ̀mọ̀wé. Àárín àtẹ̀gùn gan-an ló jókòó sí, báàgì lẹ́yìn, bíi ẹni tó ń dúró de ọkọ̀. Mo ní ṣé ó ti jẹun. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, Mọ́mì.

Ìgbà tí mo tan fóònù ni mo rí i pé nọ́ńbà kan tí mi ò mọ̀ ti pè mí léraléra. Mo pè é padà, ẹnikẹ́ni ò gbé e. Olówó-orí mi sọ pé ilé-ìwé Ọ̀mọ̀wé ni, ọ̀rọ̀ ìpàdé òbí, òun ti dá wọn lóhùn. Ó sọ ọ́ kíákíá. Kò wojú mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 Oṣù Kẹta

Olówó-orí mi fọ abọ́. Ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ ẹ́. Kí ló ṣe?

Ọjọ́bọ̀, 5 Oṣù Kẹta

Mo ya ilé ìkàwé lẹ́yìn iṣẹ́. Ìyá Dákẹ́ ló wà níbẹ̀, obìnrin tó ń tọ́jú ìwé — "Ẹ dákẹ́" ni ọ̀rọ̀ tó mọ̀ jù láyé. Mo mú ìwé kẹrin lórí pẹpẹ àwọn ọ̀dọ́, mo gbé e fún un. Ó wò mí láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Mo ní ọmọ mi ni mo ń bá yá a. Ó ní, "Hẹn-ẹn." Irú hẹn-ẹn yẹn, mo mọ̀ ọ́n dáadáa.

Nílé, ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ aṣọ tí a ò tíì lọ̀ ni mo fi ìwé sí. Kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kan aṣọ yẹn nílé yìí àfi èmi. Ibi ìpamọ́ tó dájú ju báńkì lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 6 Oṣù Kẹta

Ẹnì kan ti fọwọ́ kan ìwé mi.

Ìrépé aṣọ funfun ni mo fi ń sàmì sí ibi tí mo kà dé. Ìdí kànga ni mo fi í sí, níbi tí Olùṣọ́ ti fẹ́ fi òjìji tirẹ̀ dúró fún ti ọmọbìnrin yẹn. Mo ṣí i láàárọ̀ yìí, ìrépé aṣọ ti lọ síwájú, orí odindi kan, wọ́n sì ti fọwọ́ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Mi ò kì í tẹ́ ẹ. Rírún ni tèmi máa ń rún.

Olówó-orí mi ni. Ta ni ì bá tún jẹ́? Ó bi mí lóṣù tó kọjá pé kí ló ń pa mí lẹ́rìn-ín nínú kíṣìnnì lémi nìkan. Mo ní kò sí. Ó wá ń ṣọ́ mi. Ọkùnrin tó ń tún fìríìjì ṣe, tí kì í ka nǹkan kan ju ẹ̀yìn páálí lọ, ó wá ń ka ìwé ọmọ aláìlójìji láti mọ ohun tó wà nínú ìyàwó ẹ̀. Àbí ó ń wá ẹ̀sùn tí yóò fi kàn mí? Ẹni tó bá fẹ́ pa ajá ẹ̀, ó di dandan kó fún un lórúkọ burúkú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7 Oṣù Kẹta

Ó gbé Ọ̀mọ̀wé lọ sí ẹ̀kọ́ àfikún. Òun! Ọkùnrin tó jẹ́ pé bí o bá jí i lójú oorun, kò lè sọ kíláàsì tí ọmọ ẹ̀ wà. Mo ní kí n tẹ̀lé wọn, mi ò ní iṣẹ́ lónìí. Àwọn méjèèjì ní rárá lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀mọ̀wé ní, "Ẹ sinmi, Mọ́mì. Ẹ ka ìwé yín."

Ìwé mi kẹ̀? Ta ló sọ fún un pé mo ní ìwé?

Ọ̀sán ni wọ́n dé. Òórùn kan wà lára ẹ̀wù ọkọ mi. Kì í ṣe lọ́fínńdà. Mo mọ òórùn náà, mo mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ orúkọ ara ẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò rántí ibi tí mo ti mọ̀ ọ́n. Ọ̀mọ̀wé wọ yàrá lọ tààrà, ó sùn. Mo tẹ̀lé e dé ẹnu ọ̀nà, mo ní ṣé ó ti jẹun.

Ọjọ́ Ajé, 9 Oṣù Kẹta

Èmi àti Ìyá Ìròyìn la jọ ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì lónìí. Ó di etí kan mú, mo di èkejì mú, ẹnu ẹ̀ ò sinmi. Mo ní ọ̀rẹ́ mi kan ni o, ọkọ ẹ̀ ló kàn ń ṣe báyìí-báyìí. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n sọ fún "ọ̀rẹ́ mi" pé kó la ojú ẹ̀ sílẹ̀. Ọkọ tó bá ń fọ abọ́ láìjẹ́ pé wọ́n bẹ̀ ẹ́, ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀ sílẹ̀. Ọkọ tó bá ń fọ aṣọ ara ẹ̀, nǹkan kan wà tó ń fọ̀ kúrò. Ìfura loògùn àgbà, ó ní.

Nínú ìwé, àwọn tí wọ́n bá ti jí òjìji wọn gbé náà ní àmì tí a fi ń mọ̀ wọ́n: wọn kì í wojú èèyàn, wọ́n máa ń rìn létí ògiri, wọ́n á máa ṣe inúure tí kò nídìí. Olówó-orí mi ní gbogbo ẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín ara mi títí. Ẹ̀rín yẹn kò dé ikùn.

Ọ̀gá Agogo pariwo mọ́ wa nítorí pé a da aṣọ wọ́ọ̀dù pọ̀. Òwú ìṣẹ́tí la fi ń mọ̀ wọ́n yàtọ̀: aláwọ̀ ewé fún àwọn ọmọdé, dúdú fún ibi iṣẹ́ abẹ, pupa fún wọ́ọ̀dù ọkàn. Tówẹ̀lì olówùú pupa ló ń dínkù jù. Ìyá Ìròyìn ní kí wọ́n lọ bi àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ léèrè, inú báàgì wọn ló ń bá wọn lọ sílé.

Ọjọ́rú, 11 Oṣù Kẹta

Olówó-orí mi ti fọ aṣọ ara ẹ̀. Ẹ̀wù Àbámẹ́ta yẹn, ó fọ̀ ọ́, ó sá a, ó tún fọ ti Ọ̀mọ̀wé mọ́ ọn. Nílé afọṣọ! Mo dúró wò ó láti ojú fèrèsé. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń fún aṣọ, omi ń ro tótó lára ẹ̀wù náà.

Pabanbarì ẹ̀ ni ti Ọ̀mọ̀wé. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú ṣíbí, ọrùn ẹ̀wù ẹ̀ ṣí, mo rí àmì kan lábẹ́ egungun èjìká. Róbótó, pupa. Mo ní kí nìyẹn. Ó ní kòkòrò ló ṣán òun. Kòkòrò wo ló ń fi kọ́ńpáàsì ṣán èèyàn? Ó ti bọ́tìnnì ẹ̀wù ẹ̀ dé ọrùn, ó jáde.

Ṣé òun náà ti ní Olùṣọ́ tiẹ̀ ni? Ta ni ọmọ náà? Ṣé bàbá ẹ̀ mọ̀? Wọ́n jọ ń bo ara wọn láṣìírí ni?

Ọjọ́bọ̀, 12 Oṣù Kẹta

Ìwé karùn-ún tán ní ìsinmi ọ̀sán. Mo ka á bí ẹni tí ebi ń pa. Níparí, òjìji kò padà wálé mọ́. Ọmọbìnrin náà dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń ṣá díẹ̀ díẹ̀. Ìyá wá dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó fọwọ́ lé ìlẹ̀kùn. Ìwé parí síbẹ̀! Mo fẹ́ fi í lu ògiri. Wọlé kẹ̀, obìnrin yìí, wọlé!

Mo sáré lọ sílé ìkàwé fún ìwé kẹfà. Kò sí lórí pẹpẹ. Ìyá Dákẹ́ ní ẹnì kan ti yá a. Mo ní ta ni. Ó ní àwọn kì í sọ. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ — Ìyá Dákẹ́ tí eyín ẹ̀ kò rí afẹ́fẹ́ rí. Kí ló ń pa á lẹ́rìn-ín lójú mi?

Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Èmi ò tilẹ̀ tíì rí ẹ̀fà.

Ọjọ́ Ẹtì, 13 Oṣù Kẹta

Àbúrò Ọ̀mọ̀wé, ọmọ ọdún mẹ́fà, Ìbéèrè la máa ń pè é, nítorí pé iṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn. Mo ń dì í nírun, ó ní ṣé àwọn bàbá náà máa ń sunkún. Mo ní èwo nìyẹn. Ó ní Dádì sunkún nínú ọkọ̀ nígbà tó wá mú òun nílé-ìwé, ó gbé orí lé ọwọ́ ọkọ̀. Ó ní Dádì ní kí òun má sọ.

Ọwọ́ mi dúró nínú irun ọmọ.

Ọdún méjìdínlógún tí mo ti fẹ́ ọkùnrin yìí, omijé ẹ̀ kò kan ilẹ̀ lójú mi. Obìnrin wo ló wá ń sunkún sí? Ta ló gba ọkàn ẹ̀ tó báyẹn?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 Oṣù Kẹta

Wọ́n tún lọ sí "ẹ̀kọ́ àfikún". Ìgbà tí wọ́n dé, tí ọkọ mi wọ ilé ìwẹ̀, mo tú àpò irinṣẹ́ ẹ̀. Iṣẹ́ wa ni, a gbọ́dọ̀ tú gbogbo àpò wò kí aṣọ tó wọnú ẹ̀rọ, ọwọ́ mi kì í bi mí léèrè mọ́. Sípánà. Sukudiráfà. Wáyà. Nísàlẹ̀ pátápátá, tówẹ̀lì kékeré kan tí wọ́n ká mẹ́rin, ó tutù díẹ̀.

Mo yí ìṣẹ́tí ẹ̀. Òwú pupa.

Òórùn yẹn wá yé mi lójijì. Ọṣẹ wa ni. Ọṣẹ ilé ìfọṣọ ọsibítù, tí imú mi ti gbó sí, tí mi ò fi mọ̀ ọ́n mọ́ lára ẹlòmíràn. Tówẹ̀lì tí èmi fúnra mi lọ̀ ni obìnrin kan mú jáde ní wọ́ọ̀dù ọkàn, ó fi fún ọkọ mi. Nọ́ọ̀sì ni. Àwọn ló ń mú un lọ sílé. Lábẹ́ imú mi, nínú ọgbà kan náà tí mo ti ń làágùn! Ọkùnrin yẹn sì ń fi ọmọ mi bojú, ó ń gbé e dání bí ẹni tí ń kó agboòrùn lọ́jọ́ tí òjò kò rọ̀.

Mo dá tówẹ̀lì náà padà sí bí mo ṣe bá a. Mo ká a mẹ́rin.

Ọjọ́ Àìkú, 15 Oṣù Kẹta

Mo jó ìkòkò. A jẹ oúnjẹ náà bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 16 Oṣù Kẹta

Ìyá Ìròyìn ní nọ́ọ̀sì méjì ló ń ṣiṣẹ́ Àbámẹ́ta ní wọ́ọ̀dù ọkàn. Ọ̀kan ti fẹ́ fẹ̀yìn tì. Èkejì ọmọge, eyín ẹ̀ funfun, ó máa ń kọrin bó bá ń rìn. Ó ní kí ló kan "ọ̀rẹ́" mi. Mo ní kò sí.

Wọ́ọ̀dù wọn wà lókè. Ilé ìfọṣọ wà lẹ́yìn, nítòsí ẹ̀rọ iná. Àwa kì í gòkè, baba tó ń ti kẹ̀kẹ́ aṣọ ló ń gbé e lọ fún wọn. Gbogbo ọdún tí mo ti ń lọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì wọn, mi ò rí bẹ́ẹ̀dì wọn rí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17 Oṣù Kẹta

Mo bi í tààrà. Mo ní, "Bàbá Ọ̀mọ̀wé, ṣé kò sí nǹkan tí ẹ fẹ́ sọ fún mi?"

Ó la ẹnu. Mo rí ọ̀rọ̀ náà tó ń bọ̀. Ọ̀mọ̀wé wọlé wá mu omi, ó dúró, ó wo bàbá ẹ̀ — wíwò kan ṣoṣo — ọkùnrin náà sì pa ẹnu ẹ̀ dé. Ìgbà tí ọmọ jáde, ó ní, "Fún mi di Àbámẹ́ta. Mo bẹ̀ ọ́. Àbámẹ́ta, wàá gbọ́ gbogbo ẹ̀."

Àbámẹ́ta ló fẹ́ kó lọ nìyẹn. Ọmọ sì ti mọ̀. Ọmọ tèmi, tí mo gbé sẹ́yìn, ló ń bá bàbá ẹ̀ pa ìlẹ̀kùn mọ́ mi. Inú bí mi sí i ju bí inú ṣe bí mi sí bàbá ẹ̀ lọ. Mi ò bi í bóyá ó ti jẹun. Mo kọ́kọ́ rò pé mo gbàgbé ni. Mi ò gbàgbé.

Ọjọ́bọ̀, 19 Oṣù Kẹta

Ọ̀mọ̀wé tẹ̀lé mi wọ kíṣìnnì ní ìrọ̀lẹ́. Ó dúró lẹ́yìn mi. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ ò bi mí ṣé mo ti jẹun láti ìjẹta." Mo ní ṣé ọwọ́ ẹ̀ ṣẹ́ ni, ṣé kò lè bu oúnjẹ. Ó ní ẹ má bínú.

Lóòótọ́ ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Mo kọ ọ́ síbí kí n lè rí i.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 21 Oṣù Kẹta. Ìrọ̀lẹ́, lórí àga ọsibítù

Jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe rí.

Wọ́n jáde láàárọ̀. Mo gbé Ìbéèrè lọ sọ́dọ̀ ará ilé kejì, mo wọ aṣọ iṣẹ́ mi lọ́jọ́ ìsinmi. Mo bá baba tó ń ti kẹ̀kẹ́ aṣọ nídìí kẹ̀kẹ́ ẹ̀, mo ní kó sinmi, mo máa bá a gbé ti wọ́ọ̀dù ọkàn lọ. Ó ṣàdúrà fún mi. Mo ti kẹ̀kẹ́ wọ ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn ròkè, mo gòkè.

Mo ti mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Mo ti ń tò ó láti Ọjọ́ Ajé. Màá ní, "Ẹ kú iṣẹ́, nọ́ọ̀sì, tówẹ̀lì yín rèé, ẹ gbàgbé ẹ̀ nínú àpò ọkọ mi."

Mo rí i. Eyín funfun, ó ń kọrin lábẹ́nu lóòótọ́. Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní ẹ̀yin lẹ gbé aṣọ wá lónìí, ẹ ṣé o, ẹ bá mi kó díẹ̀ síbi kọ́tìnnì yẹn. Ó na ọwọ́ síbẹ̀. Mo wo abẹ́ kọ́tìnnì, mo rí bàtà ọkọ mi. Èyí tí mo fi òwú rán gìgísẹ̀ ẹ̀.

Mo fa kọ́tìnnì náà.

Ọ̀mọ̀wé ló dùbúlẹ̀ níbẹ̀. Wáyà wà láyà ẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí àmì róbótó, tówẹ̀lì olówùú pupa tí wọ́n fi ń nu àyà ẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì tó sùn lé, èmi ni mo lọ̀ ọ́, mo mọ bí mo ṣe máa ń fọwọ́ tẹ igun. Ìwé kan wà níṣíṣí lórí ikùn ẹ̀. Ìwé kẹfà.

Olówó-orí mi dìde, ó tún jókòó. Kò ya Ọ̀mọ̀wé lẹ́nu. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tí ara tù, ó yíjú sí bàbá ẹ̀: "Mo sọ fún yín. Mo ní ó máa wá." Lẹ́yìn náà ó di ọwọ́ mi mú. Ọwọ́ ẹ̀ tutù.

"Mọ́mì, ẹ ti mọ̀ láti ọjọ́ yìí, àbí? Bíi ti ìyá inú ìwé kẹfà."

Ó ní ìyá yẹn ti mọ̀ láti ìwé kìíní. Ẹni tí òjìji ẹ̀ bá ti lọ, tó bá ṣì lè jẹ oúnjẹ ilé ìyá ẹ̀, òjìji náà á mọ ọ̀nà àbọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń bi í lójoojúmọ́. Kì í ṣe ìbéèrè, ìṣọ́ ni. Ó ní, "Ẹ̀yin náà, ojoojúmọ́ lẹ ń bi mí. Mo wá rò pé ẹ fẹ́ kí n fúnra mi sọ ọ́ ni."

Mi ò tíì dáhùn tí nọ́ọ̀sì fi wọlé wá wo ẹ̀rọ. Orí ló yọ mí. Tàbí kò yọ mí.

Ọkọ mi sọ gbogbo ẹ̀ fún mi lọ́dẹ̀dẹ̀, kò tó ìgbà tí omi fi ń hó. Ọmọ ṣubú ní kíláàsì, Ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ oṣù yìí. Ilé-ìwé pè mí, pè mí, pè mí. Fóònù mi wà ní pípa. Wọ́n bá pe òun. Fáàfù kan nínú ọkàn ẹ̀ ni kì í pa dé dáadáa, ẹ̀jẹ̀ ń padà sẹ́yìn — ó ń ṣàlàyé ẹ̀ bí ẹni ń ṣàlàyé fìríìjì, ó ń fi ọwọ́ júwe, títí ohùn ẹ̀ fi já. Òní ni dókítà sọ àbájáde. Iṣẹ́ abẹ ni, kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí. Wọ́n ní wọ́n máa ń ṣe é, ó sì máa ń yọrí sí rere. Wọ́n ní kó sùn síbí lónìí.

Mo ní kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi. Ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Òun ló bẹ̀ mí. Ó ní o ti ń rẹ́rìn-ín nínú kíṣìnnì, kí n jẹ́ kó o rẹ́rìn-ín díẹ̀ sí i títí a ó fi mọ ohun tó jẹ́."

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Mo fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, mo ń wá làpálàpá kiri wọ́ọ̀dù pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ aṣọ.

Ọmọ ń sùn báyìí. Òun ló ń ka ìwé mi lábẹ́ apẹ̀rẹ̀ aṣọ. Ó ń fẹ́ mọ ibi tí mo wà.

Ọjọ́ Àìkú, 22 Oṣù Kẹta

A délé. Bàbá ẹ̀ fẹ́ gbé e gòkè, ó kọ̀. Ó gun àtẹ̀gùn dé àárín, ó jókòó. Níbi tó máa ń jókòó. Mo jókòó tì í.

Ó tún bi mí. Ohùn ẹ̀ rọlẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. "Mọ́mì, ẹ ti mọ̀, àbí?"

Irọ́ náà ti wà létè mi. Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi, mo mọ̀, mò ń ṣọ́ ẹ. Bí mo bá sọ ọ́, ìyá inú ìwé kẹfà ni màá jẹ́ títí ayé. Kò sẹ́ni tó lè já mi nírọ́ àfi ìwé yìí.

Mo ní, "Rárá. Mi ò mọ nǹkan kan. Mo rò pé bàbá ẹ ń yan àlè ni."

Ó wò mí. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó rín in títí èémí ẹ̀ fi já, mo gbá a mú lẹ́yìn, mo ń ka èémí náà pẹ̀lú ẹ̀. Ẹ̀rín tán. Lẹ́yìn náà ló sunkún. Bàbá ẹ̀ ní kò sunkún rí láti ọjọ́ tó ti ṣubú, kódà lọ́dọ̀ dókítà.

Ó ní, "Á jẹ́ pé èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní kó sún sí mi, àtẹ̀gùn fún, a há síbẹ̀. Mo ní, "Sọ ọ́ fún mi. Láti ìbẹ̀rẹ̀. Má fo ibì kankan."

Ó nu imú ẹ̀ sí apá aṣọ mi. Ó ní kíláàsì fisíìsì ni. Ó ní ìka ọwọ́ òsì òun ló kọ́kọ́ tutù, òun sì rò pé fèrèsé ló ṣí.